Bí Mo Ṣe Ṣe Ọ̀pá Áńtẹ́nà Tí Kò Nílò Ihò Nínú Ilẹ̀

Ẹni tí ó bá dàgbà ní Ìbàdàn kò lè sọ pé òpó áńtẹ́nà ṣàjèjì sí òun, nítorí pé ìlú yìí ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1959, kò sì sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà wọ ìlú lónìí tí kò ní rí òpó irin gíga kan tàbí òmíràn lórí òkè. Ṣùgbọ́n òpó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti irin, kò ga ju mítà 6.5 lọ, orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi ni mo sì ń dì í sí kiri. Ti rédíò àmátọ̀ ni, èyí tí àwa tí a ń ṣe é máa ń pè ní ham: rédíò tí ẹnì kan fi ń bá ẹlòmíràn tí ó ní irú rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú, láì gba owó, láì sì gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kankan kọjá. Ìwé àṣẹ láti ọwọ́ NCC, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ni a fi ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́ lórí rẹ̀, àmì ìdánimọ̀ wa ní Nàìjíríà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Ọ̀pá tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kò yọ ẹnikẹ́ni nínú òfin náà.

Ohun tí ó lé mi jáde kúrò nílé ni ariwo. Àárín àdúgbò tí òrùlé páànù ti fara kan òrùlé páànù ni mo ń gbé, tí wáyà NEPA sì ta lókè bí òwú aláǹtakùn. Bí iná bá wà, ẹ̀rọ inverter àti gílóòbù ìgbàlódé á máa ru ariwo sínú rédíò. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á gba iṣẹ́ wọn ṣe. Mo pinnu pé pápá tí ó tẹ́jú ni n ó máa gbé rédíò mi lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé mo nílò ọ̀pá tí n ó lè dì sórí ọkọ̀, tí n ó nà, tí n ó sì tún ká láàárín ọjọ́ kan náà.

Áńtẹ́nà fúnra rẹ̀ kò le. Wáyà méjì tí wọ́n gùn bákan náà ni, tí wọ́n pàdé ní àárín, níbi tí okùn tí ó ti ara rédíò wá ti so mọ́ wọn. Bí a bá fẹ́ mọ bí gbogbo rẹ̀ yóò ti gùn tó ní mítà, a ó fi iye megahertz (MHz, nọ́ńbà tí a fi ń mọ ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́) tí a fẹ́ lò pín 143. Mo fẹ́ lo 7.1 MHz, nítorí pé àárín 7.0 sí 7.2 MHz ni ààyè tí àwa àmátọ̀ ní níbẹ̀. Mo fi 7.1 pín 143, ó fún mi ní mítà 20 àti sẹ̀ǹtímítà 14, ìyẹn mítà 10 àti sẹ̀ǹtímítà 7 fún apá kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá na wáyà yìí gbọọrọ, ọ̀pá gíga méjì ni n ó wá kiri. Bí mo bá gbé àárín rẹ̀ kọ́ sórí ọ̀pá kan ṣoṣo, tí mo jẹ́ kí apá méjèèjì dà sísàlẹ̀ bí òrùlé àtíbàbà, ọ̀kan tó. Ohun tí a ń ṣọ́ níbẹ̀ ni pé kí igun tí ó wà láàárín apá méjèèjì má kéré sí digirí 90, nítorí pé bí wọ́n bá ti súnmọ́ ara wọn jù, èyí yóò máa pa agbára èkejì. Ní tèmi, orí ọ̀pá wà ní mítà 6.5, ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan wà ní mítà 2 sí ilẹ̀, ó sì bọ́ síbi tí ó jìnnà sí ẹsẹ̀ ọ̀pá ní mítà 9. Bí apá méjèèjì bá kọjú síra wọn gan-an, igun náà tó digirí 127, kò sí ewu.

Àwọn kan yóò ní mítà 6.5 kéré. Fún ẹni tí ó fẹ́ bá ará Bùràsílì sọ̀rọ̀, ó kéré lóòótọ́. Ìgbì rédíò ní 7.1 MHz gùn tó mítà 42, bí áńtẹ́nà bá sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, òkè tààrà ni ó ń rán púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ lọ. Àwọn ìpele òfúrufú tí à ń pè ní ionosphere yóò dá a padà sórí ilẹ̀ tí kò jìnnà, láti ibi tí a wà títí dé ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún mélòó kan kìlómítà. Ìlọrin, Èkó àti Àbújá wà nínú àyíká náà, àwọn ni mo sì fẹ́ bá sọ̀rọ̀. (Òfúrufú yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń wọ̀n láti àwọn ọdún 1950, nígbà tí a ṣì ń pè é ní University College, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú wa.)

Ibi tí ọ̀ràn ti le ni ẹsẹ̀ ọ̀pá. Lákọ̀ọ́kọ́, mo mú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lítà 20, mo ki páìpù PVC bọ àárín rẹ̀, mo sì da kọnkéré kún un. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò kí ó tó po sìmẹ́ńtì ì bá ti mọ̀ pé lítà kọnkéré kan ń wọ̀n tó kìlógíráàmù 2.4, pé lítà 20 yóò wọ̀n tó kìlógíráàmù 48, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi àpò sìmẹ́ńtì. Èmi po sìmẹ́ńtì ná, mo wá ṣe ìṣirò lẹ́yìn. Àwa méjì ni a gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé, ibẹ̀ náà ni ó sì wà títí di òní, ìyàwó mi ti so okùn ìsáṣọ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà ni mo gbìyànjú èèkàn. Mo gé ọ̀pá irin tí àwọn bíríkìlà fi ń ṣe dẹ́kìn sí ẹsẹ̀ bàtà méjì méjì, mo sì gbé wọn lọ sí ilẹ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Àpáta. Ó yẹ kí orúkọ àdúgbò náà ti kìlọ̀ fún mi. Ojú ilẹ̀ náà rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju ìka mẹ́rin lọ tí a fi bá ilẹ̀ pupa tí ó gan bí bíríkì, lábẹ́ rẹ̀ ni òkúta wà. Ọmọ àbúrò mi tí ó tẹ̀lé mi lu èèkàn àkọ́kọ́ ní òòlù títí tí ó fi tẹ̀ kọdọrọ. Ó sọ òòlù sílẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ kúkú jẹ́ ká so ó mọ́ mọ́tò.” Ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n mo dúró, mo wo ọkọ̀ náà. Mo ti ń gbé ohun tí ó wúwo kiri láti ilé, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó wúwo jù lọ ni ó gbé mi dé ibẹ̀.

Mo lọ sí ọjà Ararọ̀mí, mo ra pákó irin àlòkù kan tí ó nípọn tó mìlímítà 5, tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó sì fẹ̀ ní 30, pẹ̀lú páìpù irin tí ọparun lè wọ inú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni mo gbé wọn gbà. Èrò náà ni pé a ó tẹ́ irin náà sílẹ̀, a ó wa táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ gun apá kan rẹ̀, páìpù yóò sì dúró ṣánṣán ní apá kejì tí ó yọ síta. Wẹ́dà náà gbọ́ àlàyé mi tán, ó wò mí títí, ó ní, “Alàgbà, kí ni ẹ fẹ́ gbé sínú rẹ̀ gan-an?” Mo ní ọparun ni. Ó ní, “Ọparun kẹ̀? Lórí mọ́tò?” Ó ṣá jó o. Èmi ni mo ṣì í ní tiwọ̀n, nítorí pé mo ní kí ó fi páìpù náà sí ibi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà; bí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ díẹ̀ báyìí, ọparun bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara ọkọ̀. A gé e kúrò, a tún un jó sí ibi tí ó jìnnà sí táyà ní sẹ̀ǹtímítà 25, a sì fi irin onígun mẹ́ta ti ìdí rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ ní kí wẹ́dà dá ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ páìpù kí omi òjò lè máa jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdí ọparun yóò jẹrà.

Táyà ẹ̀yìn ni kí ẹ lò, kí ilẹ̀kùn iwájú lè ṣí. Ẹ má sì fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sápò: ara ọ̀pá náà gan-an ni mo máa ń so tèmi mọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá gbàgbé tí ó wa ọkọ̀ lọ nígbà tí ọ̀pá ṣì dúró yóò bá ara rẹ̀ nínú ẹjọ́ tí kò ní olùpẹ̀jọ́.

Ọparun ni mo yàn dípò PVC, nítorí pé PVC tí ó gùn máa ń rọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, á sì tẹ orí ba bí ẹni tí ń kí ọba. Bódìjà ni mo ti rà á, lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń gbé dẹ́kìn ró. Mo sọ fún ìyá tí ó ń tà á pé èyí tí ó ti gbó ni mo fẹ́. Ó ní, “Gbogbo rẹ̀ ló gbó, ẹ̀yin náà ẹ kàn án wò.” Mo fi ọwọ́ kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan: èyí tí ó gbó a máa dún gbangan, èyí tí kò tíì gbó a máa dún bí ìgbà tí a lu àpò gàrí. Mo tún wo ara wọn bóyá kòkòrò ti lu ihò tín-tìn-tín sí i, mo sì fi àwọn méjì tí mo rà dúró sí abẹ́ ìbòòji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí omi ara wọn lè gbẹ.

Mo gé méjèèjì kí wọ́n lè jọ gùn tó mítà 6.5, mo sì rí i pé ẹ̀bá oríkèé ni mo ti gé ìdí kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ibi tí ó lófo ni ó máa ń là. Bí a ṣe so wọ́n pọ̀ ni mo kọ́ lọ́dọ̀ àwọn púlọ́ńbà wa: wọn a máa yá páìpù PVC lórí iná títí yóò fi rọ̀, wọn a sì ki èyí tí wọ́n fẹ́ so bọ̀ ọ́ kí ó tó tutù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìta gbangba, nítorí èéfín rẹ̀ kò dára, mo ki orí ọparun ìsàlẹ̀ bọ inú páìpù náà nígbà tí ó ṣì gbóná, ó sì dì í mú gírígírí. Ọparun òkè tín-ín-rín díẹ̀, nítorí náà mo gé rọ́bà tíúbù táyà tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù, mo sì wé e mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó má baà máa mì nínú páìpù. Rọ́bà yìí kan náà ni mo wé mọ́ ìdí ọparun ìsàlẹ̀ tí ń wọ inú irin. Mo ti kọ́kọ́ fi ègé igi há a dípò rọ́bà, mo lu igi náà ju bí ó ti yẹ lọ, ọparun àkọ́kọ́ sì là láti ìdí dé oríkèé kẹta.

Òrùka irin kékeré ni mo so mọ́ orí ọ̀pá, okùn sì gba inú rẹ̀ kọjá, kí n lè fa áńtẹ́nà gòkè lẹ́yìn tí ọ̀pá bá ti dúró, kí n sì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láì wó ọ̀pá.

Ó ku ohun tí yóò di ìdí wáyà mú, níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ ti kọ èèkàn. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta ni mo ń gbé lọ ní òfìfo. Bí mo bá dé pápá, mo ń pọn omi kún wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì di kìlógíráàmù 25. Méjì ń fa apá áńtẹ́nà méjèèjì, ẹ̀kẹta ń fa okùn tí ó gba ẹ̀yìn. N kì í na apá méjèèjì kọjú síra wọn gan-an, ṣùgbọ́n mo máa ń fà wọ́n síwájú díẹ̀, kí àwọn àti okùn ẹ̀yìn lè pín ọ̀pá náà yíká ní ọgbọọgba. Wáyà kì í ṣe okùn o: bí a bá fà á jù, yóò gùn sí i, ìṣirò yóò sì yí padà. Bí igi gogoro kò bá ní gún ni lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó, nítorí náà mo so àkísà pupa mọ́ gbogbo okùn tí ó wà níwọ̀n ojú ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má na ọwọ́ kan ìdí wáyà, nítorí pé ibẹ̀ ni foltéèjì ti ga jù nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó sì lè jó ènìyàn lọ́wọ́. Ní ti wáyà NEPA, ìlọ́po méjì gíga ọ̀pá ni mo máa ń fi sí àárín, ìyẹn mítà 13, kí ó má lè kàn án bí ó tilẹ̀ ṣubú. Bí àrá bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kù lọ́nà jíjìn, mo ti ń tú u nìyẹn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo nà án ní Àpáta, mítà tí a fi ń yẹ áńtẹ́nà wò fi hàn pé 6.95 MHz ni ó bá mu, kì í ṣe 7.1. Rọ́bà tí ó bo wáyà náà ni ó fà á. Ó ń jẹ́ kí wáyà ṣe bí ẹni pé ó gùn ju bí ó ti rí lọ. N kò gé e, mo kàn ṣẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21 padà ní ìdí apá kọ̀ọ̀kan, mo wé e mọ́ ara rẹ̀, ó sì bọ́ sójú ẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, mo ti gbọ́ ẹnì kan ní Ìlọrin, mo pè é, ó dá mi lóhùn. Ọmọ àbúrò mi ni ó yà lẹ́nu jù.

PVC tí ó so ọparun méjèèjì pọ̀ ti ń tẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan nínú oòrùn, mo sì ti sọ fún wẹ́dà kí ó bá mi wá páìpù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí yóò rọ́pò rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ń nà án, mẹ́wàá ni mo fi ń ká a, omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì máa ń dà sí ìdí ẹ̀gẹ́ ọ̀rẹ́ mi kí n tó padà wálé.