Bí àwọn ọmọ mi ṣe fi páálí kọ́ ilé bàbá bàbá mi

₦90,000 ni mo san fún lẹ́sìnnì ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, nítorí wọ́n ní àwọn yóò kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Ọmọ ọdún 15 ni ọmọbìnrin mi, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 13. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, ohun tí wọ́n kó wálé ni ìwé fọ́tòkọ́pì tí wọ́n fi kíréyọ́ọ̀nù kùn, àwòrán ilé òyìnbó tí ihò èéfín yọ sókè lórí òrùlé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi rúlà lé wọn lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ìdí tí ilé fi ń ní ìpìlẹ̀ fún wọn. Mo lọ bèèrè, wọ́n ní owó tí a bá ti san kò ṣe é gbà padà. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Bíríkìlà ni bàbá mi, owó iṣẹ́ náà ni ó fi rán mi níwèé, n kò sì rí ìdí tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò fi máa kun ilé tí kò jọ èyíkéyìí tí wọ́n rí rí ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Mo ní a ó kọ́ ọ nílé fúnra wa. Ilé bàbá bàbá mi ní àdúgbò Pórógun ni a yàn, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, tí yàrá wà lọ́tùn-ún àti lósì, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì la àárín wọn kọjá. N kò ní sọ bí a ṣe ń di téèpù mú, nítorí ọmọ tí ó ti wọ ilé-ìwé girama mọ ìyẹn. A fẹnu kò pé sẹ̀ǹtímítà 2 lórí páálí yóò dúró fún mítà 1 nínú ilé, èyí tí àwọn ayàwòrán ilé máa ń kọ ní 1:50. A kò ra páálí, a tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ta fíríìjì.

Òrùlé ni ọ̀ràn ti yíwọ́. Ọmọbìnrin mi ni ó gé e, ara ilé láti ìta ni ó sì wọ̀n, láti igun kan dé igun kejì: mítà 10.4. Àbúrò rẹ̀ ni ó gé ògiri, inú ni òun wọ̀n: yàrá ọ̀tún mítà 3.6, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mítà 1.6, yàrá òsì mítà 3.6. Nígbà tí a gbé òrùlé lé e, tí a sì ti yọ etí òrùlé tí ó yẹ kí ó yọ síta kúrò nínú ìṣirò, ó ṣì fi ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ tóbi ju ilé.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni èyí fi há sí wa lọ́rùn. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ọmọkùnrin mi ní ẹ̀gbọ́n òun ka ojú íǹṣì dípò ojú sẹ̀ǹtímítà. A padà sí Pórógun, a tún ara ilé wọ̀n, mítà 10.4 náà ni. Lọ́jọ́ kejì, èmi fúnra mi ro ti inú pọ̀, 8.8 ni mo rí, kò sì sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Inú bí mi débi pé mo mú abẹ, mo gé òrùlé kù kí ó lè bá ògiri mu. Ọmọbìnrin mi wò mí, ó ní, “Mọ́mì, ilé yẹn kò kéré tó báyìí o.” Òótọ́ ni ó sọ, irọ́ ni mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí títí di òní.

Lọ́jọ́ kẹta, a tún wà ní Pórógun nígbà tí òjò ṣú. Ọmọbìnrin mi fi rúlà rẹ̀ lélẹ̀ lójú fèrèsé kí ó lè fi ọwọ́ méjèèjì fa ìlẹ̀kùn rẹ̀ dé. Rúlà onísẹ̀ǹtímítà 30 ni. Ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ lórí ògiri láti inú lọ síta, orí rẹ̀ kò sì dé etí kejì. Ó pariwo pé, “Ẹ wá wo rúlà mi!” A fa téèpù: sẹ̀ǹtímítà 40 ni ìnípọn ògiri. Mẹ́rin ni irú ògiri bẹ́ẹ̀ tí téèpù ìta là kọjá, méjì ní ẹ̀gbẹ́ ilé, méjì lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mítà 1.6 nìyẹn. Fi kún 8.8, ó di 10.4 géérégé. Orí mi wú bí ẹni pé èmi ni mo rí i.

Lórí páálí, milimítà 8 ni sẹ̀ǹtímítà 40 yóò jẹ́. Páálí kan nípọn tó bíi milimítà 4, nítorí náà a fi gọ́ọ̀mù lẹ méjì-méjì pọ̀, a to ìwé wíwúwo lé wọn lórí mọ́jú, a sì gé òrùlé mìíràn.

Ọmọkùnrin mi bi mí ìdí tí ògiri náà fi nípọn tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ìpele-ìpele ni wọ́n ń mọ amọ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, àti pé ògiri amọ̀ gbọ́dọ̀ sanra kí ó tó lè ru ara rẹ̀ àti òrùlé; ìsanra yẹn náà ni kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán tètè wọlé. Kò gbà pé amọ̀ lè pẹ́. Mo mú wọn lọ sí apá Òkè-Ẹ̀rì lọ wo Erédò Sùngbọ́, yàrà àti odi amọ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí gígùn rẹ̀ ju kìlómítà 160 lọ, tí wọ́n wa ilẹ̀ rẹ̀ láti inú yàrà sókè ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé òkè tó bíi mítà 20. Ó dúró, ó ń ṣírò: sẹ̀ǹtímítà 40 lórí páálí tiwa, bẹ́ẹ̀ ilé wa kò ga ju 10 lọ.

Bí mo bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ojú fèrèsé ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ògiri ti ń fi ara rẹ̀ hàn, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnì kan wọn inú kí ẹlòmíràn wọn ìta láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi iye wọn wéra. Gbogbo ohun tí a ná kò tó ₦10,000.

Mo gbé ilé náà lọ sí ibi lẹ́sìnnì, kí wọ́n lè fojú rí ohun tí ọmọ lè ṣe. Olùdarí wọn ṣí òrùlé, ó yẹ yàrá kọ̀ọ̀kan wò, ó sì bẹ̀ mí pé kí n fi í sílẹ̀ lórí tábìlì àwọn kí àwọn òbí tí ń bọ̀ lè máa rí i. Mo bi í bóyá yóò dá ₦90,000 mi padà. Ó dákẹ́. Mo gbé ilé wa, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.