Bí A Ṣe Ń Kọ́ Àgbàlagbà Láti Dìde Lórí Ẹní

Kí oòrùn tó mú ní àárọ̀ Sátidé, mo ti tẹ́ ẹní mẹ́rin sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Òkèlélé, Ìlọrin. Aránṣọ wà nínú àwọn tó ń wá, ìyá tó ń ta àgbàdo sísè wà níbẹ̀, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà náà wà. Mi ò ní irin gbígbé, mi ò ní ẹ̀rọ kankan. Jíjókòó sílẹ̀, dídìde, lílóṣòó, rírá àti ẹrù rírù ni mo ń kọ́ wọn, nítorí òun náà ni wọ́n ń fi ara ṣe láti àárọ̀ dalẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ará ilé yín, ẹ má kọ́kọ́ kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ẹ ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n rìn lórí iyanrìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Ẹ dijú, kí ẹ fetí sí i. Ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ń dún gbì, gbì, orúnkún rẹ̀ ló ń jẹ ìyà yẹn. Mi ò ní sọ fún un pé kó tẹ ẹsẹ̀ báyìí tàbí báyẹn. Mo máa ń sọ pé: “Ẹ rìn bíi pé ọmọ ìkókó ń sùn nínú yàrá.” Lọ́gán ni ẹsẹ̀ á tún ara rẹ̀ ṣe.

Orí ẹní gan-an ni iṣẹ́ wà. Ó ti tó ọdún méjì tí bàbá tíṣà yẹn ti ń kírun lórí àga, nítorí pé bí wọ́n bá foríkanlẹ̀, ìdìde di wàhálà. Mi ò fi dídìde bẹ̀rẹ̀. Lílọ sílẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ bí òun ṣe délẹ̀ kò ní bẹ̀rù ilẹ̀ mọ́. Mo ká ẹní mẹ́ta léra wọn kí orúnkún wọn lè rí ibi rírọ̀ balẹ̀ sí, mo sì gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ wọn fún ọwọ́. Ẹsẹ̀ kan á sún sẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ á balẹ̀ jẹ́jẹ́, èkejì á tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, ojú ló ń kọ́kọ́ lọ: kí wọ́n wo orí igi, kì í ṣe ẹní. Ẹsẹ̀ kan á bọ́ síwájú, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ ilẹ̀, wọ́n á mí síta, wọ́n á sì ti ilẹ̀ nù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń yọ ẹní kan kúrò. Nígbà tó yá, mo gbé àpótí náà kúrò.

Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ bi wọ́n pé: “Níbo ni agbára yẹn ti wá?” Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ìdí àti itan, ó dára. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀.

Mi ò kì í ka iye ìgbà fún wọn mọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ní kí Àlàájà kan lóṣòó ní ìgbà ogún, mo ń kà á sókè, wọn ò sì fẹ́ kí ojú ti àwọn láàárín ẹgbẹ́. Orúnkún wọn wú lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn ò fi jáde, mo sì lọ bẹ̀ wọ́n nílé. Iye tí mò ń kà ló gba ọkàn wọn, wọn ò gbọ́ ohun tí orúnkún ń sọ.

Kì í ṣe èmi ló dá irú ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀. Ológun ojú omi ará Faransé kan, Georges Hébert, wà ní erékùṣù Martinique ní 1902 nígbà tí òkè Pelée, òkè ayọnáyèéfín, bú gbàmù, tó pa ìlú Saint-Pierre run, ó sì wà lára àwọn tó ń kó ènìyàn yọ. Ó padà kọ́ àwọn atukọ̀ ní rírìn, sísáré, fífò, rírá, gígun, jíjù, gbígbé, lílúwẹ̀ẹ́ àti ìjà, kí agbára wọn lè wúlò fún ẹlòmíràn. Ará Ọ̀fà, tí ìjàkadì jẹ́ orò wọn, kò ní yà á lẹ́nu.

Ẹrù rírù ló kàn. Garawa tó kún dé ìdajì, òṣùká tó nípọn, ewé díẹ̀ lórí omi. Kí ẹni tó fẹ́ rù ú lóṣòó, kó fa garawa mọ́ra kó tó gbé e, kó máa mí, nítorí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ sé èémí. Bí omi bá ń dún ṣáláú, ẹ ní kó rọra. Bí òòyì bá kọ́ ọ tàbí tí àyà ń dùn ún, ẹ sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Nípa rírá àti rírìn lórí pákó tóóró, ìgbà díẹ̀ ti tó. Ẹ ṣe é kí ó tó rẹ̀ wọ́n.

Ohun tí mo ń ní kí wọ́n ṣe nílé kò ju ẹyọ kan: oúnjẹ kan lójúmọ́ lórí ẹní, kì í ṣe lórí àga. Bàbá tíṣà yan oúnjẹ alẹ́. Ìyàwó wọn sọ fún mi pé àwọn ọmọ-ọmọ ti ń gbé àwo tiwọn wá síbẹ̀.