Ẹ Fi Wáyà Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Pe Ilé-iṣẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé Tí Fáíbà Rẹ̀ Ń Falẹ̀

A kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń tan ráútà tàbí bí wọ́n ṣe ń tẹ páàsìwọ́ọ̀dù. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ló mú wa kọ ìwé yìí, ìyẹn èyí tí kò yé wáyé láti ìgbà tí fáíbà, ìyẹn wáyà gíláàsì tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, ti ń wọ àwọn ẹ́sítéètì ní Èkó àti Ìbàdàn. Onílé san owó 100 Mbps (òṣùwọ̀n iyára íntánẹ́ẹ̀tì ni Mbps), ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ní yàrá tó gbẹ̀yìn, ó fi fóònù wo iyára rẹ̀, ó rí 18, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ilé-iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ dé, ó ki wáyà bọ ráútà, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ fi 95 hàn, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ẹjọ́ ti tún bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Ìdí ráútà ni fáíbà parí sí. Wáì-fáì ló ń gbé e láti ibẹ̀ dé yàrá yín, Wáì-fáì kì í sì í ṣe fáíbà. Ẹni tó bá ń fi fóònù wọn fáíbà láti orí ibùsùn, kọ́ńgọ́ tó ti tẹ̀ ló fi ń wọn gàrí, tó wá ń bá ìyá onígàrí jà.

Bí ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n

Ẹ wá wáyà tí wọ́n kọ Cat5e tàbí Cat6 sí lára, mítà 2 tó. Ẹ ki ẹnu kan bọ ihò tí wọ́n kọ LAN sí lára ráútà, ẹ ki ẹnu kejì bọ láptọ́ọ̀pù. Láptọ́ọ̀pù tuntun míì ò ní ihò yìí. Tí tiyín bá wà nínú wọn, ẹ ra adápítọ̀ USB tí wọ́n kọ Gigabit sí lára, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ 10/100 sí. Ẹ pa Wáì-fáì láptọ́ọ̀pù náà, ẹ pa VPN (áàpù tó ń darí íntánẹ́ẹ̀tì gba ọ̀nà míì) pẹ̀lú. Kí gbogbo ará ilé kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú 10, títí kan ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹ ṣí Speedtest, èyí tó ń wọn iyára íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yan sáfà (kọ̀ǹpútà tí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n) tó wà ní Èkó, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra. Aago 6 àárọ̀, aago 2 ọ̀sán, aago 9 alẹ́, fún ọjọ́ 3. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tó bá ní òun á rántí kò ní rántí.

Tí wáyà bá fún yín ní 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100 tí ẹ sanwó fún, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Inú ilé yín ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn kan san owó 200, wọ́n ń rí 93, 94, 95, kò sì kọjá bẹ́ẹ̀ rí, òru àti ọ̀sán. Kì í ṣe jìbìtì. Wáyà 8 ló wà nínú Cat5e. Tí ọ̀kan bá já nínú mẹ́rin kan, mẹ́rin tó kù á ṣì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbé ju 100 lọ. Àwọn láptọ́ọ̀pù àtijọ́ àti ráútà olówó pọ́ọ́kú náà ní ihò tí kò gbà ju 100. Lórí Windows, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Link speed sí. 1000/1000 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 100/100, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà.

Àwọn míì ń wo fáìlì tí wọ́n ń fà sílẹ̀, wọ́n rí 11, wọ́n pariwo. MB ni wọ́n rí, Mbps ni wọ́n sanwó fún. Mẹ́gábíìtì 8 ló wà nínú MB 1, ìdí nìyẹn tí Mbps 100 kì í fi ju MB 12.5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó rí 11 ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ibi tí ráútà jókòó sí

Ibí yìí ni ilé púpọ̀ ti ń ba tiwọn jẹ́. Òṣìṣẹ́ máa ń fi ráútà síbi tí fáíbà ti wọlé, torí ibẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ̀yin náà á sì gbà fún un. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, abẹ́ àtẹ̀gùn, inú kọ́bọ́ọ̀dù. Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 9 la fi ń mọ ògiri ìta, ínǹṣì 6 la fi ń pín yàrá, a tún wá fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú àti lẹ́yìn. Dẹ́kìn tó kún fún irin tún le ju ìyẹn lọ. Ráútà tó wà ní pálọ̀ ìsàlẹ̀ kò lè sin yàrá òkè bó ṣe yẹ, bó ti wù kí owó oṣù yín pọ̀ tó.

Àárín ilé ni kó wà, ní gbangba, mítà 1 àbọ̀ sí 2 sókè ilẹ̀. Kó fi ó kéré tán mítà 1 jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n, fíríjì, máíkírówéfù, dígí ńlá àti dúrọ́ọ̀mù omi. Ẹ yéé fi aṣọ lẹ́ẹ̀sì bò ó. Ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ fún òṣìṣẹ́ kó tó lu ògiri. Tó bá ti lu ú tán, owó míì lẹ máa fi tún un fà.

2.4 GHz àti 5 GHz ni ọ̀nà méjì tí Wáì-fáì ń gbà. Ẹ fún wọn ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tó bá wà ní yàrá kan náà pẹ̀lú ráútà, ẹ gbé e sórí 5. Kámẹ́rà àti yàrá tó jìnnà ni kí ẹ fi 2.4 sílẹ̀ fún. Nínú ilé fúláàtì tí ayálégbé 6 ti ní ráútà 6, orí 2.4 máa ń há. Ẹ má fi channel (ẹ̀ka kékeré inú ọ̀nà náà) sí Auto. Ẹ yan 1, 6 tàbí 11, èyí tí àwọn ayálégbé yòókù ò lò púpọ̀, ẹ fi ìbú rẹ̀ sí 20 MHz. Ẹni tó bá yan 3 tàbí 8 ń bá méjì nínú wọn jà lẹ́ẹ̀kan náà. Fún 5 GHz, ìbú 80 MHz.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́, èyí tó kún Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà, tó ń gba Wáì-fáì tó sì ń tún un pín? Èyí tí owó rẹ̀ kéré máa ń gé iyára sí ìdajì. Ẹ fi owó yẹn ra Cat6, ẹ fà á lọ sí yàrá tó jìnnà, má kọjá mítà 100, ẹ gbé ráútà kejì sí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì pa DHCP rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń pín àdírẹ́sì fún àwọn ẹ̀rọ.

Fáíbà fúnra rẹ̀

Gíláàsì ló wà nínú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Tí ẹ bá ká a, kí fífẹ̀ òrùka rẹ̀ má dín ní sẹ̀ǹtímítà 6. Ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn, ẹ má ti fèrèsé mọ́ ọn. Àwọn tó ń sá aṣọ lé e lórí mọ ara wọn. Ẹ má fọwọ́ kan ṣóńṣó orí rẹ̀ tó ní àwọ̀ ewé, ẹ má sì fi ojú wo inú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í hàn sí wa, ó sì lè pa ojú lára.

Tí iná tí wọ́n kọ LOS sí lára ráútà bá ń ṣẹ́jú pupa, fáíbà ti já tàbí ó ti tẹ̀ jù nìyẹn. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tí iná pupa yẹn kò bá tàn, síbẹ̀ tí ìlà ń já tó sì ń padà, ẹ wọ ojú ìwé ráútà, èyí tí ẹ ń fi bráúsà ṣí, ẹ wo Rx power, ìyẹn agbára ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé. Láàárín -8 sí -25 dBm, ó dára. Tó bá ti dé -27, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹ tún yẹ ṣájà ráútà wò. Iná tó ṣẹ́ wá lójijì ti jó ti ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n sì fi èyí tí wọ́n rí lọ́jà rọ́pò rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 12 V, 1.5 A sí ìdí ráútà, ṣájà 12 V, 0.5 A kò lè gbé e. Á máa pa, á máa tàn.

Tí wáyà náà bá fi nǹkan kékeré hàn

Ìgbà yìí ni ẹjọ́ yín tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ ti lo dátà oṣù náà kọjá ààlà tó wà nínú ètò tí ẹ rà, torí ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní aláìlópin ní ààlà tí iyára á ti dínkù. Ẹ pààrọ̀ páàsìwọ́ọ̀dù tí ẹ ti fún mẹ́gádì, ayálégbé tó ti kó lọ àti àlejò ọdún iléyá. Ẹ ka kámẹ́rà yín: ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń rán fídíò lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè gba 2 sí 4 Mbps, tí ọ̀nà ìfiránṣẹ́ bá sì ti dí, ìgbàwọlé náà á falẹ̀.

Tó bá fún yín ní 95 láàárọ̀, tó wá di 30 ní aago 9 alẹ́, èrò ló pọ̀ lórí ìlà. GPON, irú fáíbà tí wọ́n ń fà sí ilé, ń pín 2.5 Gbps (Mbps 2,500) láàárín ilé 32 tàbí 64. Ìyẹn di ti ilé-iṣẹ́, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ gbé ráútà káàkiri tí yóò yí i padà. Tí sáfà Èkó bá yá, ṣùgbọ́n tí ti Lọ́ńdọ̀nù ń falẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáyà tó gba abẹ́ òkun lọ sókè òkun ló bàjẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, MainOne, WACS, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Ọ̀pọ̀ èèyàn lo ọjọ́ yẹn láti máa pa ráútà, tí wọ́n ń tún un tàn. Kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ bá kọ̀wé, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì, ètò tí ẹ ń san, àwọn iyára ọjọ́ 3 pẹ̀lú aago wọn, àti Rx power sí i. “Íntánẹ́ẹ̀tì yín ò dáa” kì í ṣe ẹ̀sùn. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Tí wọn ò bá dáhùn, nọ́ńbà náà ni ẹ ó fi pe 622 ti NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ìpè ọ̀fẹ́ ni. Tí òṣìṣẹ́ bá sì wá, kó fi wáyà tiyín àti láptọ́ọ̀pù tiyín wọ̀n ọ́n níṣojú yín, kó kọ iye tó rí sórí ìwé iṣẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.