Ẹ̀dá tí kò ní tètè kú: bí a ṣe ń pín pọ́ìntì àti bí a ṣe ń ṣọ́wó ná nínú Dungeons & Dragons

Dungeons & Dragons jẹ́ eré ìtàn tí ẹgbẹ́ kan ń ṣe pọ̀: olùdarí eré ń sọ ìtàn, oníkálukú ń darí ẹ̀dá kan nínú rẹ̀, dáìsì ló sì ń pinnu bí nǹkan ṣe máa rí. Ẹ̀dá tó dára kọ́ ni èyí tó lágbára jù nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì pé lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ṣì wúlò fún ẹgbẹ́ nígbà tí ọfọ̀ ti tán, tí ìgò oògùn ti ṣófo, tí ọ̀tá méjì sì ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà, òun là ń wá. Òfin ẹ̀dà karùn-ún tó jáde ní 2014 la máa fi ṣírò níbí, torí pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, orí rẹ̀ náà ni wọ́n sì gbé eré kọ̀ǹpútà Baldur's Gate 3 kà.

Pọ́ìntì 27

Kí o tó kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀, pinnu iṣẹ́ tí ẹ̀dá yìí máa ṣe. Ṣé òun ló máa dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá? Ṣé òun ló máa ta ọfà láti ẹ̀yìn? Ṣé òun ló máa gbé ẹni tó bá ṣubú dìde? Kọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Bí iṣẹ́ mẹ́ta bá wọ inú gbólóhùn yẹn, tún un kọ. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ká má tíì wá sọ mẹ́ta.

Àbùdá mẹ́fà ló wà: agbára, ìyára, ìlera, òye, ọgbọ́n àti ìfanimọ́ra. Lórí ìwé ẹ̀dá, STR, DEX, CON, INT, WIS àti CHA ni wàá rí, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra yẹn. Pọ́ìntì 27 lo ní láti fi rà wọ́n. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti 8, o kò sì lè ra èyíkéyìí kọjá 15. Láti 8 dé 13, pọ́ìntì kan ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti 13 sí 14 jẹ́ méjì, láti 14 sí 15 náà jẹ́ méjì. Àròpọ̀ rẹ̀ ni pé 13 jẹ́ pọ́ìntì 5, 14 jẹ́ 7, 15 sì jẹ́ 9.

Nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì ló ń jẹ pọ́ìntì ọ̀pọ̀ èèyàn. Dáìsì kì í lo máàkì fúnra rẹ̀, àfikún tó bá jáde lára rẹ̀ ló ń lò: yọ 10 kúrò nínú máàkì, pín èyí tó kù sí méjì, ju ààbọ̀ nù. Nítorí náà, 12 àti 13 ń fún ọ ní +1 kan náà, 14 àti 15 ń fún ọ ní +2 kan náà. Máàkì 15 tí o fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti jẹ pọ́ìntì 2 lásán, àfi tí nǹkan mìíràn bá máa tì í dé 16.

Ẹ̀yà, ìyẹn ìran tí ẹ̀dá ti wá, ni nǹkan mìíràn yẹn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ń fi +2 kún àbùdá kan, wọ́n ń fi +1 kún òmíràn. Ra 15 síbi tí +1 máa bọ́ sí, ra 14 síbi tí +2 máa bọ́ sí: méjèèjì á di 16, +3 níhìn-ín, +3 lọ́hùn-ún. Bí o bá gbé wọn fún ara wọn, 17 àti 15 lo máa ní, +3 àti +2 péré, iye pọ́ìntì kan náà lo sì ná. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe àṣìṣe yìí torí pé 17 dùn ún wò lórí ìwé.

Wo Cleric, ìyẹn àlùfáà, tó jẹ́ Hill Dwarf. Ẹ̀yà yẹn ń fi +2 kún CON, +1 kún WIS, WIS ni àlùfáà sì fi ń pe ọfọ̀. Ra WIS 15 àti CON 14, pọ́ìntì 16 ti lọ, ó ku 11. STR 13 gba 5, CHA 12 gba 4, INT 10 gba 2, DEX dúró sórí 8. Ó pé 27. Lẹ́yìn àfikún ẹ̀yà, WIS di 16, CON di 16. HP, ìyẹn iye ẹ̀mí rẹ̀, ní ìpele 1, níbi tí ẹ̀dá ti ń bẹ̀rẹ̀, jẹ́ 8 tí Cleric ń gbà, pẹ̀lú 3 láti ara CON, pẹ̀lú 1 tí Hill Dwarf ń rí gbà ní ìpele kọ̀ọ̀kan: 12. Tó bá yan Life domain, ẹ̀ka àlùfáà tó dá lórí ìwòsàn, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ chain mail, ẹ̀wù irin tó ń fúnni ní AC 16 (iye tí ìkọlù ọ̀tá gbọ́dọ̀ dé kó tó bá a) láìbéèrè DEX. Fi asà kún un, AC di 18. Ohun tí DEX 8 máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé yóò máa pẹ́ kí ó tó kàn án nínú ìjà, iná àti pàkúté tó yẹ kéèyàn bẹ́ kúrò níwájú rẹ̀ yóò sì máa bá a. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Níbì kan náà ni àìlera ẹ̀dá gbọ́dọ̀ wà, kí àwọn yòókù lè mọ ibi tí wọ́n máa bò ó.

Má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú CON

Àbùdá tí o fi ń jà tàbí tí o fi ń pe ọfọ̀ ni àkọ́kọ́. CON ló tẹ̀ lé e, fún gbogbo ẹ̀dá, títí kan èyí tó ń dúró lẹ́yìn. Ìṣirò rẹ̀ rèé. Wizard, oṣó, ń gba HP 6 ní ìpele 1. Bí CON rẹ̀ bá jẹ́ 8, HP rẹ̀ jẹ́ 5. Bí ó bá jẹ́ 14, HP rẹ̀ jẹ́ 8. Goblin kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀tá kékeré, ń ṣá èèyàn ní dáìsì olójú 6 pẹ̀lú 2. Oṣó tó ní HP 5 yóò ṣubú (HP rẹ̀ á di 0) tí dáìsì bá fi 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ hàn, ìyẹn ìgbà mẹ́rin nínú mẹ́fà. Èyí tó ní 8 yóò ṣubú kìkì tí 6 bá jáde, ìgbà kan nínú mẹ́fà. Ní ìpele 5, tí o bá ń mú iye tí òfin ti là kalẹ̀ dípò kí o ta dáìsì, ọ̀kan á ní HP 17, èkejì á ní 32. CON náà ni oṣó fi ń di ọfọ̀ tó gba ìpọkànpọ̀ mú nígbà tí wọ́n bá lù ú: ó gbọ́dọ̀ ta 10, tàbí ìdajì ìpalára náà tí ìyẹn bá pọ̀ ju 10 lọ.

AC náà ṣe pàtàkì. Goblin ń fi +4 kún dáìsì olójú 20. Ẹni tó ní AC 13 á jẹ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìkọlù rẹ̀, ẹni tó ní 18 á jẹ ìdá 35.

Nípa dída iṣẹ́ méjì, bíi Cleric àti Wizard, pọ̀ sára ẹ̀dá kan, ìyẹn multiclass: dúró. Ìlọsíwájú àbùdá tó máa ń wá ní ìpele 4 ń wá ní ìpele 4 ti iṣẹ́ kan, kì í ṣe àròpọ̀. Ẹni tó jẹ́ Fighter (jagunjagun) ìpele 3 àti Wizard ìpele 3 ti dé ìpele 6, kò tíì rí ọ̀kankan gbà. Kò tíì lè kọlu ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì ní ìgbà kan, èyí tí Fighter ń gbà ní ìpele 5, kò sì mọ Fireball, ọfọ̀ iná ńlá, èyí tí Wizard ń kọ́ ní ìpele 5. Bí o bá fẹ́ dà á pọ̀ dandan, dé ìpele 5 nínú iṣẹ́ kan ná, kí o sì rí i pé àbùdá tí iṣẹ́ méjèèjì béèrè ti dé 13.

Ohun tó ń tán

Ohun tó wọ́n jù nínú ìjà kì í ṣe ọfọ̀, kì í ṣe owó. Àyè láti ṣe nǹkan ni. Nígbà tó bá kàn ọ́, ìṣe kan lo ní, pẹ̀lú ìṣe kékeré kan tí nǹkan kan bá fún ọ láṣẹ, ìyẹn bonus action. Ìjà tí ẹ jẹ́ mẹ́rin, tí ọ̀tá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀tá ní ìlọ́po méjì àyè yín. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí gbogbo yín dojú kọ ọ̀tá kan títí yóò fi ṣubú ju kí ẹ ṣá mẹ́rin lọ́gbẹ́ lọ: ọ̀tá tó ku HP 1 ṣì ń ṣá èèyàn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Fi ojú yẹn wo ọfọ̀. Wizard ìpele 1 ní àyè ọfọ̀ méjì lójúmọ́, èyí tí ìwé ń pè ní spell slot. Ó lè gba ọ̀kan padà lẹ́yìn ìsinmi kékeré, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Mẹ́ta lápapọ̀. Ìlànà tí wọ́n kọ fún olùdarí eré sì gbé ọjọ́ ìrìn-àjò lé ìjà mẹ́fà sí mẹ́jọ tó le díẹ̀. Ìyẹn ni pé ìjà méjì ni slot kan gbọ́dọ̀ bò. Nínú èyí tó kù, lo cantrip, ọfọ̀ kékeré tí kì í tán. Fire Bolt tí ń ta dáìsì olójú 10 kò kéré rárá ní ìpele yẹn.

Nígbà wo wá ni kí o ná an? Nígbà tí slot kan bá lè gba àyè púpọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá. Magic Missile ń ṣe ìpalára 10 tàbí 11 lápapọ̀: ó máa pa goblin kan tó ní HP 7, ó sì máa fọwọ́ kan èkejì. Sleep ń ta dáìsì olójú 8 márùn-ún, ìpíndọ́gba rẹ̀ ju 22 lọ, kò sì fún ọ̀tá láyè láti ta dáìsì láti bọ́. Goblin mẹ́ta á sùn sílẹ̀ fún slot kan náà. Ṣùgbọ́n yọ Sleep kúrò nínú àwọn tí o ń múra sílẹ̀ bí o bá ti ń súnmọ́ ìpele 5. HP ọ̀tá ń pọ̀, dáìsì rẹ̀ kò pọ̀ tó mọ́. Ọfọ̀ tó ní àmì ritual, bíi Detect Magic, má fi slot pè é tí àkókò bá wà: fi ìṣẹ́jú 10 kún un, kò ní gba slot kankan.

Ìwòsàn láàárín ìjà ló ń ba ọ̀pọ̀ àlùfáà jẹ́. Wọ́n á fi ìṣe odindi wo ọgbẹ́ HP 7, ọ̀tá á sì fi ìkọlù kan gbà á padà. Ẹni tó ku HP 2 ń jà bí ẹni tó ní 20. Jẹ́ kó máa jà. Tó bá ṣubú, pe Healing Word láti ẹsẹ̀ bàtà 60: ìṣe kékeré ló ń gbà, ẹni náà á dìde, ìṣe rẹ gan-an ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, àyàfi pé tí o bá fẹ́ pe ọfọ̀ mìíràn nígbà kan náà, cantrip nìkan ni o lè pè. Ohun tó léwu níbẹ̀ ni kí ọ̀tá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ṣubú. Ìkọlù tó bá bá a láti ẹsẹ̀ bàtà 5 ni a ka sí ìjákulẹ̀ méjì nínú mẹ́ta tó máa pa á. Nírú ìgbà yẹn má dúró dè é kó ṣubú. Wò ó sàn ṣáájú, tàbí kí ẹnìkan lé ọ̀tá náà kúrò.

Ìsinmi kékeré, wákàtí kan, ni àwọn ẹgbẹ́ ń gbàgbé jù. Fighter ń gba Second Wind (agbára tó fi ń wo ara rẹ̀ sàn) padà níbẹ̀, Warlock (irú apọfọ̀ mìíràn) ń gba gbogbo slot rẹ̀ padà, gbogbo yín sì lè ná hit dice, dáìsì tí ẹ̀dá ń ta nígbà ìsinmi, láti gba HP, tí CON ń kún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Méjì lójúmọ́ ni kí ẹ gbìyànjú láti rí. Má ná gbogbo hit dice tán lọ́jọ́ kan o: ìsinmi ńlá, wákàtí 8, ń dá gbogbo HP padà ṣùgbọ́n ìdajì hit dice péré ló ń dá padà. Bí Druid, apọfọ̀ tó ń lo agbára ìṣẹ̀dá, bá wà láàárín yín tí slot ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ kí ẹ tó sùn, kó fi pe Goodberry. Èso 10 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fúnni ní HP 1, ó ń bọ́ èèyàn fún ọjọ́ kan, wákàtí 24 ló sì ń lò. Slot tí ì bá kú lóru á di ohun tó ń gbé ẹni tó ṣubú dìde lọ́jọ́ kejì.

Owó wúrà

Asà jẹ́ gp 10, ìyẹn owó wúrà 10, ó ń fúnni ní AC +2. Kò sí ohun tó rọjú tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà náà. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e, tí ọwọ́ rẹ̀ kan sì ṣófo, kó rà á lónìí. Lẹ́yìn náà healer's kit, gp 5: ó ń dá ẹ̀mí dúró lára ẹni tó ṣubú láìta dáìsì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìgò oògùn kan jẹ́ gp 50, ìpíndọ́gba HP 7 ló ń dá padà, ó sì ń gba ìṣe odindi láti mu ún. Ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó. Ẹni tó lè gbé àwọn yòókù dìde ló yẹ kó kọ́kọ́ ní tirẹ̀, torí pé kò sí ẹni tó máa gbé òun. Chain mail jẹ́ gp 75, plate, ẹ̀wù irin tó bo gbogbo ara, jẹ́ gp 1,500 fún AC 2 tó lé. Tọ́jú owó fún plate nìkan lẹ́yìn tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ti ní ohun kéékèèké.

Ọfà 20 jẹ́ gp 1. Fi ìṣẹ́jú kan wá ilẹ̀ lẹ́yìn ìjà, wàá rí ìdajì èyí tí o ta. Ògùṣọ̀ kan ń jó fún wákàtí kan. Fìtílà ń jó wákàtí 6 lórí ìgò epo kan. Ẹrù tí o lè gbé ni STR lọ́nà 15 ní pọ́n-ùn, nítorí náà oṣó tí STR rẹ̀ jẹ́ 8 kò lè kọjá 120.

Nínú Baldur's Gate 3, pọ́ìntì 27 kan náà ni, ṣùgbọ́n o lè gbé +2 àti +1 síbi tó wù ọ́, ẹ̀yà kò dí ọ lọ́wọ́. Mímu ìgò oògùn jẹ́ ìṣe kékeré níbẹ̀, torí náà mu wọ́n. Ìsinmi kékeré méjì lo ní kí o tó sùn, oorun kan sì ń gba oúnjẹ àgọ́ 40, tàbí 80 tí o bá yan Tactician, ìwọ̀n ìnira tó le. Gbogbo oúnjẹ tí o bá rí, rán an lọ sí àgọ́ lójú ẹsẹ̀ kó má bàa wúwo lára rẹ. Bí o bá sì rí i pé o ti pín pọ́ìntì rẹ bí kò ṣe yẹ, Withers, ẹni kan tó ń bẹ ní àgọ́, máa gba gp 100, á sì jẹ́ kí o tún un pín láti ìbẹ̀rẹ̀.