Maṣíìnì tó ń fò lórí aṣọ tó ń nà: bí mo ṣe yanjú ẹ̀

Ẹ̀yin tá a jọ ń kọ́ ìránṣọ, tí maṣíìnì yín bá ń rán ankara dáadáa àmọ́ tó bá ti kan aṣọ tó ń nà á rán díẹ̀ á fo díẹ̀, ẹ má tíì pe atúnṣe o. Bí ti kíláàsì wa ṣe ń ṣe nìyẹn, a tún òwú ẹ̀ fi sí i, a pààrọ̀ bọ́bìnnì tí òwú ìsàlẹ̀ wà nínú ẹ̀, a kán óìlì sí i, pàbó. Abẹ́rẹ́ ni! Abẹ́rẹ́ ankara kì í tètè wọ irú aṣọ yẹn, ṣe ló ń tì í wọlẹ̀ tó tún ń fà á sókè, òwú ò wá ní lè ṣe òjóbó tí ìkọ́ ìsàlẹ̀ máa gbá mú. Mo ra stretch needle, ìyẹn abẹ́rẹ́ aṣọ tó ń nà, sáìsì 75/11, mo kọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ sẹ́yìn, bó ṣe máa ń rí lára ọ̀pọ̀ maṣíìnì ilé nìyẹn o, mo sì yí maṣíìnì sí zigzag tóóró, ìyẹn ìrán wọ́kọwọ̀kọ, kí òwú má baà já tí aṣọ bá nà. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí àjákù aṣọ yẹn gan-an kẹ́ ẹ fà á dáadáa. Tiwa ò fò mọ́ rárá, inú mi dùn gan-an, Àǹtí wa ti ní kí kálukú lọ ra tiẹ̀.