Kernel tuntun wọlé, Linux kọ̀ kò tan mọ́

Láptọ́ọ̀pù àbúrò mi ni. Debian 12, irú Linux kan, ló wà lórí ẹ̀, LUKS (ètò Linux tó ń fi páswọ́ọ̀dù ti dísìkì) ni wọ́n sì fi ti dísìkì rẹ̀ pa. Ó ṣe apt upgrade (àṣẹ tó ń sọ àwọn ètò orí ẹ̀rọ di tuntun) lálẹ́, kernel tuntun (ọkàn Linux, tó ń darí ẹ̀rọ) wọlé, ó pa á, ó lọ sùn. Nígbà tó máa tàn án láàárọ̀, ọ̀rọ̀ funfun kún ojú ẹ̀rọ, iná Caps Lock ń ṣẹ́jú, kò tilẹ̀ béèrè páswọ́ọ̀dù. Wọ́n ti ní kó lọ fọ́máàtì ẹ. Mo ní kó fi sílẹ̀, èmi ń bọ̀.

Ìlà tó ń sọ̀rọ̀ gidi nìyí:

Kernel panic - not syncing: VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)

Òdo méjì tó wà nínú àkámọ́ yẹn ni kí ẹ máa wò. Wọ́n ń sọ pé kernel ò rí dísìkì kankan dì mú, kì í ṣe pé fáìlì inú dísìkì bàjẹ́. Lẹ́yìn àyípadà kernel, ọwọ́ initrd (fáìlì tó gbé àwọn irinṣẹ́ tí kernel nílò láti rí dísìkì nígbà tó bá ń tàn) ni mo máa ń kọ́kọ́ wò tí mo bá rí irú ẹ̀. Kernel fúnra ẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí LUKS. Inú initrd ni cryptsetup (ètò tó ń ṣí LUKS) àti àwọn dráífà wà. Bí ọ̀gá bá dé ẹnu ọ̀nà tí ọmọ ọ̀dọ̀ tó di kọ́kọ́rọ́ mú ò sí nílé, ìta náà ló máa wà.

Mo tún un tàn, mo yan Advanced options nínú GRUB (ibi tí a ti ń yan kernel tí ẹ̀rọ máa fi tàn), mo sì mú kernel àtijọ́, 6.1.0-35. Ó béèrè páswọ́ọ̀dù, ó wọlé wẹ́rẹ́. Tí GRUB ò bá yọjú sí ẹ̀yin, ẹ di Shift mú bó ṣe ń tàn. Tó bá jẹ́ UEFI (ètò ìbẹ̀rẹ̀ tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun), Esc ni kí ẹ tẹ̀.

Mo ṣe ls -lh /boot, kí n wo ibi tí àwọn fáìlì tí ẹ̀rọ fi ń tàn wà. vmlinuz-6.1.0-37-amd64, fáìlì kernel tuntun náà, wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n initrd.img tirẹ̀ ò sí. Mo ṣe df -h /boot: 100%, ó ti kún. Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Dísìkì tí wọ́n bá tì pa báyìí, /boot máa ń dá wà lọ́tọ̀, tiẹ̀ yìí ò sì tó 500MB. Vmlinuz kan ò ju bíi 8MB lọ. Initrd ló ń jẹ àyè, àwọn kernel àtijọ́ sì ti tò jọ síbẹ̀. Kódà, "No space left on device" ti wà nínú /var/log/apt/term.log láti alẹ́ àná. Ta ló ń ka ìyẹn?

Kí n tó yọ ohunkóhun, mo ṣe uname -r, tó ń sọ kernel tí mo wà lórí ẹ̀, kí n má baà gé ẹ̀ka tí mo jókòó lé. Lẹ́yìn náà, mo yọ kernel àtijọ́ kan, mo sì ṣe initrd tó sọnù náà:

dpkg -l 'linux-image*'
sudo apt purge linux-image-6.1.0-32-amd64
sudo dpkg --configure -a
sudo update-initramfs -c -k 6.1.0-37-amd64
sudo update-grub

Ẹ má fi ọwọ́ rm pa fáìlì inú /boot o. Dpkg, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ètò orí ẹ̀rọ, á ṣì gbà pé kernel yẹn wà, á sì tún máa da nǹkan rú lọ́jọ́ mìíràn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò nìyí, kí wọ́n tó tún un tàn: kí wọ́n wò bóyá cryptsetup wà nínú initrd tuntun náà:

lsinitramfs /boot/initrd.img-6.1.0-37-amd64 | grep cryptsetup

Tí kò bá mú nǹkan kan jáde, ẹ má tíì tún un tàn; ẹ wò ó bóyá cryptsetup-initramfs wà lórí ẹ̀rọ náà. Tiwa mú usr/sbin/cryptsetup jáde. Mo tún un tàn, ó béèrè páswọ́ọ̀dù, uname -r sì fi 6.1.0-37 hàn.

Àwọn kan á ní kí n yí MODULES=most (ọ̀pọ̀ dráífà ló ń kó sínú initrd) padà sí dep (èyí tí ẹ̀rọ yìí nílò nìkan) nínú /etc/initramfs-tools/initramfs.conf kí initrd lè kéré. Òótọ́ ni, á kéré. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yọ dísìkì yẹn sínú láptọ́ọ̀pù mìíràn lọ́la, ó lè má tan, nítorí náà mo fi most sílẹ̀. Apt autoremove --purge, tó ń yọ àwọn kernel àtijọ́ kúrò, ni mo ní kó máa ṣe, lẹ́yìn tí kernel tuntun bá ti tan dáadáa, kì í ṣe ṣáájú.