Ẹ Má Fi Ebi Fọn: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Agbo Ilé àti Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́ Oko

Ohun tó mú wa kọ ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń dín gàrí, ẹni tó dákú sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí apá rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ irin gbígbóná kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fà á kúrò. Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ti fi ń mu tíì dúdú tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ fọn, pẹ̀lú kùkúńbà díẹ̀ lálẹ́, nítorí pé aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un láyà. Kò jẹun, ṣùgbọ́n ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ bí ó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, kò sì kúrò níwájú iná. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wálẹ̀ jù. Ó yè é, àmọ́ àpá náà kò kúrò lára rẹ̀.

A kò ní kọ́ yín ní oúnjẹ sísè. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí à ń bá pàdé léraléra la fẹ́ tẹnu mọ́, ìyẹn ni kí ènìyàn pa oúnjẹ tì, kí ó sì máa mu ohun tó ń mú ni yàgbẹ́ dípò rẹ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú ìwọ̀n tó ń lọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe ọ̀rá. Bí ebi náà bá ń pẹ́ sí i, iṣan tí ẹ fi ń gbé apẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì fi ń kọ ebè, ni ara yóò máa jẹ. Irú tíì bẹ́ẹ̀ àti àgbo àsunwọ̀n, inú ìfun ńlá ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí oúnjẹ ti wọ ara tán, nítorí náà omi ni wọ́n ń lé jáde, pẹ̀lú iyọ̀ ara tí ń jẹ́ potassium, èyí tí ọkàn fi ń lù déédéé. Ẹni tó bá sì ń fọn ju kílò kan àbọ̀ lọ lọ́sẹ̀ lè fa òkúta sínú àpò òróòro rẹ̀.

Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ló tọ́. Ẹni tó wọn kílò 90, bí ó bá dín kílò 4.5 péré, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ẹ jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kí èbà, iyán tàbí àmàlà má ju ìkúùkù ọwọ́ ẹni kan lọ, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà sì gba ìdámẹ́rin. Ṣíbí ìjẹun kan ni òróró ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ọbẹ̀. Ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, ẹ má ṣe máa dà á láti ẹnu kẹ́ẹ̀gì, nítorí a ti dé ilé tí wọ́n ti ń fi ebi pa ìyá ilé, tí òróró sì bo ojú ọbẹ̀ tí gbogbo ilé ń jẹ. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50 cl kan lè ní ṣúgà 50 gíráàmù, ẹ mu omi. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àjókòóṣe, kí ó máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ gun òṣùwọ̀n, láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun.

Aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ọmọdé kò gbọdọ̀ dán fífọn wò láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí wọ́n ṣe é. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kí ó tó dín oúnjẹ kù, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n ní láti dín oògùn náà kù pẹ̀lú. A bẹ̀ yín, ẹ má fi èyí falẹ̀.

Bí ọwọ́ ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bò ó, tí ó sì ń sọ̀rọ̀ ségesège, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta sí omi ìdajì ife, kí ó mu ún, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá tíì balẹ̀, ẹ tún un pò lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ fún un ní oúnjẹ gidi. Bí ó bá ti dákú, ẹ má ṣe bu ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ dà á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.